Drosera indica, ewé tó ń fi kòkòrò ṣe ajílẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé abọ́ ike kan sí ojú fèrèsé ilé mi n'Ìbàdàn ni ìbéèrè ò ti tán lẹ́nu àwọn tó ń yà kí mi. Iyanrìn ló kún inú abọ́ náà. Ewéko tó wà nínú rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú, ó sì ń dán bí ẹni pé ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ̀ sí i lára, bẹ́ẹ̀ aago méjì ọ̀sán ni. Àlejò á sún mọ́ ọn, á rí kantíkantí tó kú mọ́ ewé, á wá yíjú sí mi. Àwọn ohun tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí.

Kí lorúkọ rẹ̀?

Drosera indica. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1753. Inú èdè Gíríìkì ni Drosera ti wá, ọ̀rọ̀ ìrì ni. Indica ń tọ́ka sí apá Íńdíà àti Siri Láńkà, níbi tí àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ ká a. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o, ọmọ Áfíríkà ni pẹ̀lú.

Nílé mi, ewé alátè là ń pè é. Ẹni tó bá ti dẹ àtè fún ẹyẹ rí nígbà èwe kò ní bi mí nídìí.

Àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ́ Drosera lé ní igba (200) káàkiri ayé. Òmíràn kéré tó ojú owó ẹyọ, òmíràn a máa lọ́ mọ́ igi. Ọsirélíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà.

Ṣé ó wà ní Nàìjíríà lóòótọ́?

Ó wà. Láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Nàìjíríà, lọ dé ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà, dé Madagásíkà, kó tó wá sọdá sí Íńdíà àti àwọn ilẹ̀ Éṣíà tó gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i nínú igbó, ẹ kò sì ní rí i lóko ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ń ṣe dáadáa. Ibi tí omi ti ń sun díẹ̀díẹ̀ lórí àpáta pẹlẹbẹ nígbà òjò, tí iyanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó lójú, ibẹ̀ ni kí ẹ wá a sí. Tàbí etí àbàtà oníyanrìn nínú ọ̀dàn, níbi tí koríko kúrú tí kò lè ṣíji bò ó. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ máa ń wò lẹ́ẹ̀kan tí á mirí, tí á ní èyí ti ṣá, òun gan-an ni ilé rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa bí ẹ bá débẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí òdòdó kéékèèké kan, ìyeyè tàbí àlùkò, lórí ọ̀pá tí kò ju irun ìgbálẹ̀ lọ, tí ẹ ò sì ní rí ewé kan gbòógì nídìí rẹ̀. Utricularia nìyẹn. Òun náà ń pa ẹran, àmọ́ abẹ́ ilẹ̀ ni tirẹ̀ ti ń ṣe é, ó ní àpò kéékèèké tó ń fa àwọn ẹ̀dá inú omi mì. Àwọn méjèèjì máa ń gbé àdúgbò kan náà, nítorí ìyà kan náà ló ń jẹ wọ́n.

Ibì kan ni mo ti kà á pé ará Ọsirélíà ni.

Ìwé àtijọ́ lẹ kà. Tẹ́lẹ̀, gbogbo àwọn tó jọ ọ́ ní àríwá Ọsirélíà ni wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó di 2013, ọ̀gbẹ́ni Allen Lowrie, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ewéko yìí kiri níbẹ̀, ya wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó fún èyí tó pọ̀ nínú wọn lórúkọ tiwọn. Ọ̀kan ti kúrò láàárín wọn ṣáájú ìgbà yẹn: Drosera hartmeyerorum, tó gba orúkọ ní 2001. Ìyẹn ní kókó ìyeyè róbótó-róbótó nídìí ewé, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà bíi díńgí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun là ń sọ.

Kí ló ń wá lára kòkòrò? Ṣé oòrùn kò tó o ni?

Oòrùn tó o. Oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ló fi ń se oúnjẹ bíi ti ẹ̀gẹ́ àti ìlasa. Ibi tó ń gbé ló dá wàhálà sílẹ̀. Iyanrìn kì í di nǹkan mú. Òjò kan rọ̀, ó fọ ìwọ̀nba ọ̀rá tó wà nínú ilẹ̀ lọ, òmíràn tún rọ̀, ó kó èyí tó kù. Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ń wọ́n níbẹ̀ jù, àwọn nǹkan tí àgbẹ̀ ń tìtorí wọn ra ajílẹ̀ alápò. Ewéko míì tó bá balẹ̀ síbẹ̀ á kàn máa rù ni. Ewé alátè ní tirẹ̀, ohun tí kò rí nílẹ̀ ló gbé ojú sókè wá. Kantíkantí tó ń fò kọjá yẹn, ajílẹ̀ abìyẹ́ ni.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé ó "ń jẹran". Ẹni tó ń jẹran ń wá agbára. Èyí kò wá agbára lára kòkòrò rárá, ohun tí yóò fi kọ́ ewé àti èso ló ń wá. Francis Darwin, ọmọ Charles Darwin onímọ̀ ìṣẹ̀dá ará Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí hàn ní 1878. Ó gbin ìbátan rẹ̀ kan tó ń hù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà méjì, ó fún apá kan lẹ́ran, ó fi ebi pa apá kejì. Àwọn méjèèjì ló yè o. Àmọ́ nígbà tó di àsìkò èso, àwọn tó jẹun fi irúgbìn gba iwájú lọ́wọ́ àwọn tó gbààwẹ̀, kò tilẹ̀ sí ìfiwéra.

Báwo ló ṣe ń mú wọn?

Ẹ fi ojú sí ewé kan ṣoṣo. Ó gùn tó ìka ọwọ́, kò sì fẹ̀ ju igi ìṣáná lọ. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ á ká jọ bí ìrù alágẹmọ, á wá máa na ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irun bo gbogbo ara rẹ̀. Orí irun kọ̀ọ̀kan pupa, ẹ̀kán oje kan tó mọ́ gaara sì jókòó lé e. Ìrì ni èèyàn á kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ràn ni ìrì ń gbẹ, oje yìí sì ń dúró. Àtè ni. Ẹ fi orí abẹ́rẹ́ kàn án kí ẹ fà á, ẹ ó rí i tí yóò fà bí ọbẹ̀ ilá, okùn rẹ̀ á gùn kó tó já.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan mo jókòó tì í. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù wà lórí tábìlì, kantíkantí ń yí i ká. Ọ̀kan nínú wọn yà sórí ewé, bóyá ó fẹ́ sinmi ni. Ẹsẹ̀ kan lẹ̀. Ó tẹ èkejì mọ́lẹ̀ kó lè fi ti ara rẹ̀ sókè, ìyẹn náà lẹ̀. Ló bá gbọn ìyẹ́, ìyẹ́ kan irun ẹ̀gbẹ́, ó di pé apá ọ̀tún kò lè gbéra mọ́. Bó ṣe ń jà ni oje ń gbà á lára. Kòkòrò kì í fi imú mí bíi tiwa, ihò kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ló fi ń mí, oje sì dí wọn. Kí n tó mu tíì mi tán, ó ti dákẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn irun tó wà nítòsí á tẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ òkú náà, wọ́n á gbé orí lé e, èèyàn á rò pé wọ́n ń gbọ́ àṣírí. Wọ́n á sun oje mìíràn, oje kíkan tó ní èròjà tó ń yọ́ ẹran nínú, ó jọ èyí tó wà nínú ikùn tiwa náà. Ewé á mu omi tó bá ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, èèpo gbígbẹ nìkan ló kù, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, ewé á tún sun àtè tuntun.

Ṣé ó ń padé bíi patanmọ́?

Rárá. Ẹ fọwọ́ kan patanmọ́, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti pa ewé dé. Ti ewé alátè lọ́ra. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó rí i pé irun kan ti kúrò níbi tó wà. Ìbátan rẹ̀ kan ní Éṣíà àti Ọsirélíà, Drosera burmannii, ni aláyára ìdílé wọn, irun etí ewé ìyẹn lè ṣẹ́ po láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Ṣùgbọ́n ìlọ́ra kì í ṣe àìgbọ́n. Charles Darwin lo ọdún púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1875. Ó gé irun orí èèyàn sí wẹ́wẹ́, ó gbé ègé kan tó fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìwọ̀n kò lè wọ̀n ọ́n lé orí irun ewéko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ó sì tẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu ju ìyẹn ni pé bí omi bá kán lé e, kò ní mira. Ẹ rò ó wò. Òjò ilẹ̀ olóoru á máa na ewé yẹn láti àárọ̀ dálẹ́, ewé á dákẹ́. Kantíkantí kan tí kò wúwo tó eruku bà lé e, ó jí. Bó bá jẹ́ pé gbogbo òjò ló ń dá a lóhùn ni, ì bá ti kú fún àárẹ̀.

Ṣé kì í ṣe ohun tí èèyàn kì í gbé sínú ilé nìyí?

Màmá kan ládùúgbò wa ló bi mí ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ta ló ní kí n gbé e wálé. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ mú ọwọ́ yín wá." Wọ́n kọ̀. Mo fi tèmi kàn án, mo fi han wọ́n: ọwọ́ mi lẹ̀ díẹ̀, mo fọ̀ ọ́ lómi, ó tán. Kò lè mú ọmọ ọwọ́, kò lè mú ológbò, àní eṣinṣin ńlá a máa já ara rẹ̀ gbà kúrò lára èyí tó bá ṣì kéré. Kò ta, kò já ni jẹ, kò rùn.

Ṣé ó lè bá wa pa ẹ̀fọn?

Ó lè pa ẹyọ kan tàbí méjì tó bá ṣìnà. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì yín.

Mo fẹ́ gbìn ín. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe pa ti àkọ́kọ́, torí ohun tí mo ṣe ni gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ oko máa fẹ́ ṣe. Mo wá ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá, mo po ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ mọ́ ọn, mo ń bomi bọ́hò rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin àtè gbẹ lórí ewé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án ewé dúdú láti ìdí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti kú. Ìkẹ́ ló pa á. Gbòǹgbò tó ti mọ́ ilẹ̀ òfo lára kò lè gba àsè, ńṣe ni ajílẹ̀ ń jó o.

Nítorí náà, iyanrìn ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Iyanrìn odò dára, iyanrìn tí wọ́n fi ń mọlé náà dára, kí ẹ ṣáà ti fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ti etí òkun ò dára, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ lè po píìtì (ewéko àbàtà tó ti jẹrà di bí ilẹ̀) tí kò ní ajílẹ̀ mọ́ ọn, ìdajì-ìdajì, kó lè mú omi dúró. Àwọn kan ń lo èèpo àgbọn lílọ̀. Ó ṣeé lò, àmọ́ ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ da omi rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òun náà máa ń ní iyọ̀.

Omi ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Omi òjò ni kí ẹ lò. Omi kànga àti ti bọ́hò ní èròjà àpáta nínú. Ohun funfun tó máa ń gbẹ mọ́ ìdí kẹ́tùlù yín nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kó jọ sínú iyanrìn títí gbòǹgbò á fi kọ̀ ọ́. Omi ẹ̀rọ ní kẹ́míkà. Kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, mo máa ń gbe omi òjò sínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, mo sì dé e kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Ẹ má da omi lé ewéko lórí, yóò fọ àtè rẹ̀ nù. Ẹ gbé abọ́ tó ní ihò nídìí sínú àwo kan, kí omi inú àwo ga tó ìdajì ìka, kí ẹ má jẹ́ kó gbẹ láé.

Oòrùn: èyí tó le, tó ràn án lójú gan-an, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà. Bí ẹ bá rí i tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ tó gùn gbọọrọ tí kò ní àtè, òkùnkùn ló ń bá jà. Èyí tó rí oòrùn dáadáa a máa pọ́n díẹ̀ lára.

Ibi tó yẹ ni kí ẹ gbin irúgbìn rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò fẹ́ kí wọ́n máa ṣí òun nípò, gbòǹgbò rẹ̀ kéré, ó sì rọ̀. Irúgbìn náà kò tó ìdajì hóró iyanrìn mìíràn, dúdú ni. Ẹ kàn fọ́n ọn sórí iyanrìn tútù, ẹ má bò ó, ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i. Kí ẹ wá ní sùúrù fún un. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní sí nǹkan kan, ẹ má tú u wò.

Ṣé kí n máa bọ́ ọ?

Bó bá wà níta, ẹ fi í sílẹ̀, á wá tirẹ̀. Bó bá wà nínú ilé tí kò sí kòkòrò, ẹ lè gbé èèrà kékeré kan lé e lọ́sẹ̀ méjì sí ara wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣàánú rẹ̀ nígbà kan, ó já ègé súyà bí orí abẹ́rẹ́ lé ewé mẹ́ta. Iyọ̀, òróró, yájì! Ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rà, ọ̀kan nínú wọn sì hu èbu funfun. Ẹran ńlá á jẹrà kó tó yọ́ tán.

Tèmi yọ òdòdó, ó so, ó sì kú. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọdún kan péré ni ọjọ́ ayé rẹ̀, bíi ti àgbàdo. Òjò ló ń pè é jáde, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń mú un lọ. Lágbedeméjì, á ga, nígbà mìíràn tó ìdajì mítà, ìdí rẹ̀ á rẹ̀ ẹ́, á fara ti koríko tàbí kó nà sílẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ní ewé márùn-ún, funfun tàbí àwọ̀ osùn tó ṣá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣí, oòrùn àárọ̀ ló sì máa ń rí. Bí ẹ bá pẹ́ lórí ibùsùn, ó ti padé. Kò pọn dandan kí oyin bẹ̀ ẹ́ wò kó tó so, ó lè gbà lára ara rẹ̀.

Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, àtè á máa gbẹ, ewé á ká, gbogbo rẹ̀ á di igi gbígbẹ. Irúgbìn ló ń la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá nínú iyanrìn gbígbóná. Mo tilẹ̀ ti ṣàkíyèsí pé èyí tí mo ká tí mo gbìn lójú ẹsẹ̀ máa ń ya ọ̀lẹ, èyí tí mo jẹ́ kó jìyà oòrùn fún oṣù mẹ́ta ló ń yára hù.

Wọ́n ní wọ́n ń fi ṣe oògùn ikọ́.

Àwọn ìbátan rẹ̀ ni òkìkí yẹn pọ̀ mọ́ jù. Ní Yúróòpù, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lo èyí tó ń hù lọ́dọ̀ wọn fún ikọ́. Nígbà tí tiwọn kò tó mọ́, tí òfin sì ń dáàbò bò ó níbi púpọ̀, wọ́n yíjú sí Madagásíkà, wọ́n ń ra Drosera madagascariensis tí àwọn ará ibẹ̀ ń fà tu nínú àbàtà. Ọ̀pọ̀ ewéko Drosera ní èròjà kan tó ń jẹ́ plumbagin. Ó lágbára, ó sì lè ta èèyàn lára. Ẹ má bọ̀ ọ́ mu. Bí ikọ́ bá ń da ọmọ láàmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ṣé ó wà nínú ewu?

Bí a bá wo gbogbo ayé, rárá, ilẹ̀ tó gbà fẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi kọ̀ọ̀kan ló ń parẹ́: wọ́n á gbẹ́ gọ́tà gba inú àbàtà kọjá, tàbí kí ọkọ̀ tó ń wa iyanrìn débẹ̀, tàbí kí ajílẹ̀ oko tó wà lókè ṣàn wá bá a, koríko á sì ga bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí i níbi tó ti ń hù, ẹ má hú u. Bó ṣe wù kí ẹ ṣọ́ra tó, á kú lọ́nà.

Ṣé ó yàtọ̀ sí ewé tó ń há kòkòrò mọ́ bí pàkúté?

Venus flytrap lẹ ń wí. Ìbátan rẹ̀ ni, ìdílé kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n etí òkun Carolina ní Amẹ́ríkà nìkan ló ti wá. Ìyẹn ń fẹ́ òtútù lọ́dọọdún kó lè sùn, èyí tó jẹ́ kó ṣòro fún wa níhìn-ín. Ewé alátè kò béèrè irú ẹ̀.

Ṣé ẹ lè fún mi ní irúgbìn?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá wà nítòsí. Ẹ má rà á wá láti òkè òkun láìgba ìwé lọ́wọ́ àwọn NAQS tó ń yẹ ewéko wò. Ẹ wá ní oṣù Kejìlá, nígbà tí èso rẹ̀ bá gbẹ tó ń là. Ẹ mú àpòòwé lẹ́tà dání, ẹ má mú ọ̀rá, irúgbìn náà kéré débi pé ara ọ̀rá ni yóò lẹ̀ mọ́ tí ẹ kò ní rí i gbọ̀n jáde.